Orúkọ tí dátábéèsì kò gbà: àwọn àkíyèsí mi

Nínú Excel, orúkọ kì í dá wàhálà sílẹ̀. Oníṣòwò lè pe kọ́lọ́ọ̀mù kan ní order, olùkọ́ lè pe òmíràn ní rank, akápò ẹgbẹ́ sì lè kọ from àti to sí orí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Excel á gba gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kó dátà yẹn lọ sínú PostgreSQL, MySQL, Oracle tàbí SQL Server ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà, nítorí púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí wà lára ọ̀rọ̀ tí èdè SQL ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ kíkó dátà láti ibì kan lọ síbòmíràn ni mò ń ṣe, mo sì máa ń kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Díẹ̀ lára wọn nìyí, bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé mi.

*

Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ètò tó ń ka àṣẹ SQL ń kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti ka SELECT, ó ń retí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù. Bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ order, ohun tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà ni pé ibẹ̀ ni títò ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀, ORDER BY. Kò lè mọ̀ pé ọjà tí oníbàárà béèrè ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ó dúró síbẹ̀, ó sì fi àṣìṣe dáhùn: PostgreSQL á pe nọ́ńbà tirẹ̀ ní 42601, MySQL á pè é ní 1064, SQL Server á pè é ní 156.

Nínú àwọn mẹ́ta yìí, SQL Server nìkan ló ń sọ ọ́ gbangba pé ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ ni òun kọsẹ̀ lára. Àwọn méjì yòókù kàn ń tọ́ka sí ibi tí gírámà ti bàjẹ́. Ẹni tí kò tíì pẹ́ nínú iṣẹ́ á wá kọ́mà tó sọnù títí ilẹ̀ á fi ṣú, bẹ́ẹ̀ kọ́mà rẹ̀ pé.

*

Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ló dá èdè yìí sílẹ̀ ní ibùdó ìwádìí IBM ní San Jose, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà. Ọdún 1974 ni ìwé wọn lórí rẹ̀ jáde. SEQUEL ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kó tó di SQL nítorí pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń lo orúkọ náà. Edgar Codd, tí òun náà wà ní IBM, ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1970, ṣùgbọ́n èdè ìṣirò ló fi kọ tirẹ̀. Chamberlin àti Boyce fẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò lè fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ béèrè ohun tó ń wá lọ́wọ́ dátà.

Èrò rere ni, mo sì ń yìn wọ́n fún un títí dòní. Ṣùgbọ́n láti inú rere yẹn ni ìṣòro wa ti wá. Order, group, user, end, check, level, size, comment: kò sí ọ́fíìsì tí kì í lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Bí èdè kọ̀ǹpútà bá sọ wọ́n di tirẹ̀, àwọn tó ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ló pàdánù wọn.

IBM yẹn kan náà ti ṣe èdè kan ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, PL/I, tí kò ya ọ̀rọ̀ kankan sọ́tọ̀ rárá. Ẹni tó bá wù lè sọ nǹkan rẹ̀ ní IF tàbí THEN, ètò tó ń kà á ni yóò wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà jókòó sí, kó tó mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ á làágùn, àmọ́ àwọn tó ń lò ó ní òmìnira. SQL gbé ìyà náà kúrò lórí ẹni tó ń kọ ètò, ó sì gbé e lé orí gbogbo wa.

*

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú ìlànà SQL láti 1992: kí a fi àmì àyọlò onílà méjì yí orúkọ náà ká. "order" tó wà láàárín àmì jẹ́ orúkọ, order tó wà ní ìhòòhò jẹ́ àṣẹ. PostgreSQL àti Oracle ń tẹ̀ lé èyí. SQL Server gbà á, ṣùgbọ́n àkámọ́ onígun ni àwọn tó ń lò ó mọ́ra jù, [order]. MySQL yan àmì kékeré tó fara pẹ́ àmì ohùn ìsàlẹ̀, `order`. SQLite ń gba gbogbo wọn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ojú lásán. Nínú MySQL, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ohun tó wà láàárín àmì àyọlò onílà méjì jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kì í ṣe orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ti PostgreSQL dé, tó kọ ORDER BY "rank", ń sọ fún MySQL pé kó fi ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà mẹ́rin kan to ìlà. Ọ̀rọ̀ náà kan náà ni fún gbogbo ìlà, nítorí náà kò sí ohun tó tò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á jáde bí wọ́n ṣe wà, láìsí ìkìlọ̀ kankan, ẹni tó ń wo ojú ìwé á sì rò pé ẹni tó wà lókè ló ṣe ipò kìíní.

*

SQLite náà ní irú àṣà yìí, ó sì tún fi ọgbọ́n bò ó. Bí a bá fi àmì àyọlò onílà méjì sí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù tí kò sí, bóyá nítorí pé ọwọ́ yọ̀ lórí lẹ́tà kan, kò ní sọ pé kò sí. Á gbà pé ọ̀rọ̀ lásán ni a kọ, á sì dá ọ̀rọ̀ náà padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe SQLite ti sọ pé àṣìṣe ni, láti ẹ̀dà 3.29.0 ti ọdún 2019 ni a sì ti lè pa á. Ẹ pa á.

*

Àṣìṣe tó pariwo kò burú tó èyí tó dákẹ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nìyí.

Ká ní ilé ìwòsàn kan ní tábìlì àwọn aláìsàn, tí kọ́lọ́ọ̀mù user inú rẹ̀ ń sọ nọ́ọ̀sì tó forúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ètò tó kó dátà náà wọ PostgreSQL mọṣẹ́: ó fi àmì àyọlò yí user ká, tábìlì dúró, gbogbo ìlà wọlé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹlòmíràn dé tó fẹ́ ka iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan gbà. Ó kọ SELECT user, kò fi àmì sí i. PostgreSQL kò bá a jà. Lójú tirẹ̀, user tí kò ní àmì jẹ́ ìbéèrè mìíràn pátápátá: ta ló wọlé sí dátábéèsì báyìí? Ìyẹn ló ń dáhùn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Láti orí aláìsàn àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, ẹnìkan ṣoṣo ló gba gbogbo wọn wọlé, postgres lorúkọ rẹ̀.

Ẹni tó mọ àwọn nọ́ọ̀sì yẹn lójú á fura lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í sábà dá wà. Inú ètò ńlá tó ń ka iye ló máa ń wà, iye náà á wọ inú ìròyìn oṣù, ìròyìn á dé ọwọ́ ọ̀gá, ọ̀gá á sì fi ṣe ìpinnu lórí iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Bí tábìlì fúnra rẹ̀ bá ń jẹ́ user, SELECT * FROM user láìsí àmì á mú ìlà kan ṣoṣo jáde, tí kò bá tábìlì náà tan rárá. Oracle àti SQL Server náà ní USER tó ń dáhùn irú ìbéèrè yìí.

Nítorí èyí ni n kì í fi í gbà bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé dátà ti wọlé láìsí àṣìṣe, iṣẹ́ ti parí. Àmì àyọlò dáàbò bo ọjọ́ tí a kó dátà náà. Kò dáàbò bo ẹni tó ń bọ̀ wá kà á.

*

Lẹ́tà ńlá àti kékeré tún wà níbẹ̀. Bí a kò bá fi àmì sí orúkọ, Oracle á sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà ńlá, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí. PostgreSQL á sọ ọ́ di kékeré. Bí a bá fi àmì sí i, àwọn méjèèjì á fi í sílẹ̀ bí a ṣe kọ ọ́. Nítorí náà, ètò tó bá fi àmì yí gbogbo orúkọ ká, tó sì kó dátà wọ Oracle pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, ti so àmì mọ́ tábìlì náà lọ́rùn títí láé. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù owo láìsí àmì, OWO ni Oracle ń wá, kò sì ní rí i. ORA-00904 ni yóò fi dá a lóhùn. Mo ti gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ dátábéèsì ń fi èyí bú ètò tó kó dátà náà. Ìbínú wọn tọ́.

*

Àwọn ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ kì í dúró sójú kan. Nígbà tí MySQL 8.0 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ó mú ìṣirò tuntun wá tó lè sọ ipò ìlà kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí ìṣirò wọ̀nyí, RANK di ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni GROUPS, ROW_NUMBER, LEAD, LAG àti WINDOW. SYSTEM náà bá wọn wọlé. Ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, tó ní tábìlì groups tàbí kọ́lọ́ọ̀mù rank, tí a kò fi àmì sí, kọsẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé dátábéèsì sókè sí ẹ̀dà tuntun. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan lẹ́tà kan nínú ètò náà.

Ohun tó jẹ́ orúkọ rere lónìí lè di èèwọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí a bá ní kí a máa yẹ̀ wò nínú àkójọ kan bóyá orúkọ kan wà níbẹ̀ ká tó fi àmì sí i, àkójọ ti ọjọ́ wo ni a fẹ́ lò?

*

Bí ó bá sì di dandan láti wo àkójọ, ọwọ́ dátábéèsì tí dátà ń lọ ni kí a ti gbà á. PostgreSQL ní pg_get_keywords(), MySQL ní tábìlì KEYWORDS nínú INFORMATION_SCHEMA, Oracle ní V$RESERVED_WORDS. Ẹ̀dà tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ gan-an ni yóò dáhùn.

*

Àwọn tó ń fi R ṣiṣẹ́ mọ DBI, ohun tó so R mọ́ dátábéèsì. Nínú rẹ̀ ni àkójọ ọ̀rọ̀ SQL ti 1992 wà, iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ make.db.names sì wà tó lè fi wé orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù. Bí orúkọ bá kọlu àkójọ náà, á fi àmì _ àti nọ́ńbà sí ìparí rẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó DBI ti ní kí a má lò ó mọ́, dbQuoteIdentifier ni kí a lò, èyí tó ń fi àmì tó bá dátábéèsì náà mu sí orúkọ. Ìyípadà yẹn dára. Àkójọ 1992 kò lè mọ ohun tó di àyàsọ́tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé orúkọ ń yí padà lẹ́yìn ẹni tó ni dátà. Ó kó order lọ, order_1 ló bá níbẹ̀, kò sì sí ìwé tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní Python, to_sql ti pandas ń lo SQLAlchemy, tó ní àkójọ fún oríṣi dátábéèsì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tó bá wà nínú àkójọ, tàbí tó ní lẹ́tà ńlá, tàbí tó ní àmì tí kò wọ́pọ̀ nínú ni ó ń fi àmì sí, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀. Èyí ń gba àwọn ará Oracle lọ́wọ́ wàhálà lẹ́tà kékeré tí mo sọ lókè. Mo mọyì rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń gbára lé àkójọ.

*

Ẹni tó ń dán ètò rẹ̀ wò lórí SQLite, tó sì fẹ́ gbé e lọ sórí PostgreSQL, kó ṣọ́ra. SQLite ń gba desc àti end gẹ́gẹ́ bí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù láìsí àmì. PostgreSQL kò gba ìkankan.

Ó sì rọrùn láti bá end pàdé. Àwọn tó ń fi ODK tàbí KoboToolbox gba ìdáhùn lójú pápá mọ kọ́lọ́ọ̀mù méjì tó máa ń wà níwájú fáìlì wọn, start àti end: ìgbà tí wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù àti ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀. ODK bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Washington ní 2008, àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ń lò ó káàkiri, Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn. PostgreSQL á gba start, kò ní gba end. Ẹni tó wà lójú pápá tó kún fọ́ọ̀mù náà nínú oòrùn kò mọ nǹkankan nípa èyí, kò sì yẹ kó mọ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń kó dátà wọlé ni.

*

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ SQL. Ẹni tó bá fi Yorùbá sọ kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ lórúkọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kọlù wọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì bíi p, r tàbí t parí. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, to àti do ni mo rí tí PostgreSQL yà sọ́tọ̀, ta ni yóò sì fi wọ́n sọ kọ́lọ́ọ̀mù?

Ìṣòro tiwa wà níbòmíràn. PostgreSQL ń fi báìtì ka gígùn orúkọ, 63 ni òpin rẹ̀. Oracle náà ń fi báìtì kà á: 30 ni tẹ́lẹ̀, ó di 128 láti ẹ̀dà 12.2. Nínú UTF-8, báìtì kan ni o, mẹ́ta ni ọ, márùn-ún ni ọ́ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Kọ́lọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ ọjọ́_ìforúkọsílẹ̀, tí ojú rí ní ẹyọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jẹ́ báìtì 30. Bí orúkọ bá kọjá 63, PostgreSQL á gé ìyókù sọnù, ìkìlọ̀ kékeré kan ni yóò fi sílẹ̀. Bí orúkọ méjì bá jọra dé ibi tí ó ti gé wọn, wọ́n di ọ̀kan náà, tábìlì kò sì ní ṣeé dá.

Èyí tó le jù ni pé, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ lẹ́tà ọ́ yìí: ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a wá fi àmì orí sí, ó tó ti ní àmì orí, tí a wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí, tàbí o lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì lọ́tọ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. PostgreSQL mọ̀ ọ́n, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ lójú rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan kọ ọ́ báyìí, fóònù ẹlòmíràn kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, dátábéèsì wá ní kọ́lọ́ọ̀mù tí ẹ ń wò lójú kò sí. Lẹ́tà ńlá wa náà, PostgreSQL kì í sọ ọ́ di kékeré nínú UTF-8 bó ṣe ń ṣe fún A sí Z, nítorí náà Ọjọ́ àti ọjọ́ jẹ́ orúkọ méjì, bí a kò tilẹ̀ fi àmì àyọlò sí i.

Àwọn kan á ní kí a kúkú fi àmì ohùn sílẹ̀ nínú orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù. N kò bá wọn wí, èmi náà máa ń ṣe é nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ dandan. Ètò tó ń kó dátà lọ lè sọ gbogbo orúkọ di ìrísí NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, kó tó fi wọ́n ránṣẹ́. Ìlà kan ni nínú Python, unicodedata.normalize. Ohun tó kéré báyìí kò yẹ kó lé èdè wa kúrò lórí tábìlì.

*

Ìwé ìtọ́sọ́nà PostgreSQL sọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ kọ́lọ́ọ̀mù lórúkọ mọ̀: ìlànà SQL kò ní ya ọ̀rọ̀ tó ní nọ́ńbà nínú, tàbí tó fi àmì _ bẹ̀rẹ̀ tàbí tó fi parí, sọ́tọ̀ láé. Ẹni tó bá ní order, tó sọ ọ́ di order_, ti bọ́ lọ́wọ́ ìlànà òní àti ti ọ̀la. Àwọn oní-Python ti ń ṣe irú rẹ̀, class_ ni wọ́n ń kọ níbi tí class kò ti ṣeé lò.

*

Orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù tó ti inú fáìlì àjòjì wá lè ní àmì àyọlò nínú fúnra rẹ̀. Bí ètò bá kàn fi àmì kan sí iwájú, òmíràn sí ẹ̀yìn, àmì tó wà láàárín á pa orúkọ náà dé, ohun tó kù á sì di àṣẹ. Ọ̀nà tí ẹni burúkú fi ń pa tábìlì rẹ́ nìyẹn. Àmì tó wà láàárín gbọ́dọ̀ di méjì. Àmì ìbéèrè tí a fi ń gba ohun inú ìlà wọlé kò ṣiṣẹ́ fún orúkọ, nítorí náà ẹ lo ohun tí wọ́n ti ṣe fún un: quote_ident ní PostgreSQL, QUOTENAME ní SQL Server, sql.Identifier nínú psycopg. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín so ó pọ̀.

*

Ìdájọ́ mi rèé. Ẹni méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Yàtọ̀ sí ìrísí NFC tí ojú kò lè mọ̀, ètò tó ń kó dátà lọ kò ní àṣẹ láti yí orúkọ ẹnikẹ́ni padà. Kó fi àmì àyọlò tó tọ́ sí i, kó sì kó o lọ bó ṣe wà. Ẹni tó ni dátà ló lè yí i padà, ó sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò ka tábìlì náà lẹ́yìn rẹ̀ lè gbàgbé àmì. Kí user di nọ́ọ̀sì_tó_gbà_á, kí end di ìgbà_ìparí. Kó dá tábìlì kékeré kan sílẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí orúkọ àtijọ́ àti tuntun wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tó bá padà sínú fáìlì Excel àkọ́kọ́ lè mọ èyí tó di èyí. Bí àwọn òǹkàwé bá sì fẹ́ràn orúkọ àtijọ́, kí wọ́n rí i nínú ìròyìn tí a tẹ̀ fún wọn. Kò pọn dandan kó wà lórí tábìlì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó dátà àwọn ènìyàn káàkiri, ẹ jọ̀wọ́, kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ka orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù inú fáìlì tí ẹ gbà, ẹ fi wé èyí tó wà nínú dátábéèsì, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ tó bá wà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.